Táíwò Awóníyì Àti Union Berlin: Sáà Tí Ọmọ Ìlọrin Gbé Köpenick Dé Yúróòpù

Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kàwé ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété lè ka orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal, Chelsea àti Manchester United fún ọ láìwo ìwé, títí dórí àwọn tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n mọ iye tí wọ́n ra oníkálukú, wọ́n mọ ẹni tó farapa, wọ́n mọ ọjọ́ tí yóò padà. Mi ò bá wọn wí. Líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ilé ìwòran ń gbé sórí tẹlifíṣàn, òun náà ni ojú wọn sì mọ́. Ṣùgbọ́n sáà bọ́ọ̀lù kan wà tó yẹ kí gbogbo ọmọ Kwara mọ̀ bí wọ́n ṣe mọ orúkọ àdúgbò wọn, kì í sì í ṣe ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wáyé. Köpenick ni, ní ìlà oòrùn ìlú Berlin ní Jámánì, láti oṣù Kẹjọ ọdún 2021 títí di oṣù Karùn-ún ọdún 2022. Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni 1. FC Union Berlin. Ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n jù lọ fún wọn ni Táíwò Awóníyì, tí wọ́n bí ní Ìlọrin lọ́jọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1997.

Ọ̀nà tó gbé e dé Köpenick jìn, ó sì rẹni lára láti kà. Ọmọdé ṣì ni nígbà tó lọ sí London lọ́dún 2010 nínú ètò bọ́ọ̀lù tí ilé-iṣẹ́ Coca-Cola ṣe fún àwọn ọmọ iléèwé, wọ́n sì ní òun ló fakọyọ jù níbẹ̀. Láti ibẹ̀ ló ti wọ Imperial Soccer Academy, iléèwé bọ́ọ̀lù tí Ṣèyí Olófìnjànà dá sílẹ̀ ní Odẹ́dá, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Olófìnjànà yìí, kí ẹnikẹ́ni má gbàgbé, gbá bọ́ọ̀lù fún Kwara United rí kó tó kọjá sí òkè òkun. Lọ́dún 2013, Awóníyì wà nínú ikọ̀ Golden Eaglets tí Manu Garba kó lọ sí ilẹ̀ Lárúbáwá, níbi tí wọ́n ti gbo ewúro sí Mexico lójú ní àmì ayò mẹ́ta sí òdo, tí wọ́n sì gba ife àgbáyé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17. Kelechi Iheanacho ni gbogbo ayé ń pariwo nígbà náà. Ọmọ Ìlọrin náà gbá góólù mẹ́rin wọlé nínú ìdíje yẹn, ó sì dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Liverpool rà á ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015 ní nǹkan bí 400,000 pọ́n-ùn. Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn yóò rò pé ayé ti yẹ ẹ́. Àmọ́ òfin ìgbà náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fún agbábọ́ọ̀lù tó ti ilẹ̀ òkèèrè wá, tí kò tíì máa gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ déédéé, ní ìwé àṣẹ iṣẹ́. Ni Liverpool bá ń yá a fún àwọn ẹlòmíì. Wọ́n yá a fún FSV Frankfurt ní ìpele kejì líìgì Jámánì, wọ́n yá a fún NEC Nijmegen ní Netherlands, wọ́n yá a fún Mouscron ní Belgium, ó lọ sí Gent, ó tún padà sí Mouscron, ó lọ sí Mainz, ó wá dé Union Berlin lọ́dún 2020. Ìgbà méje ni wọ́n yá a jáde. Kò gbá ìdíje kan ṣoṣo fún Liverpool títí tó fi kúrò níbẹ̀.

Ẹ rò ó wò. Ọmọ ọdún 18 kúrò nílé, ọdọọdún ló ń di ẹrù, ọdọọdún ló ń kọ́ orúkọ àwọn ènìyàn tuntun, ọdọọdún ni kóòṣì tuntun ń wò ó bí àlejò tí yóò lọ lọ́la. Agbábọ́ọ̀lù tí wọ́n yá kì í sábà ní ẹni tó máa dúró tì í bí nǹkan bá le, torí ẹni tó yá a kò ní í jèrè lórí rẹ̀, ẹni tó ni ín kò sì sí nítòsí. Ní Mainz, lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2020, orí rẹ̀ kọlu orí agbábọ́ọ̀lù alátakò kan nínú ìdíje pẹ̀lú Augsburg, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láti orí pápá. Àkókò àrùn Kòrónà ni, pápá ṣófo, kò sí òǹwòran kankan tó lè ké orúkọ rẹ̀. Láàrin ọdún márùn-ún náà, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí irú rẹ̀ bá bá ni ìròyìn wọn ti parẹ́. Ohun tó mú kí tirẹ̀ yàtọ̀ ni ẹgbẹ́ tó gbà á lẹ́yìn náà, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Union Berlin kì í ṣe ẹgbẹ́ olówó. Ọdún 1966 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní orúkọ tó ń jẹ́ yìí, nígbà tí ìjọba Kọ́múníìsì ṣì wà ní apá ìlà oòrùn Jámánì. Ẹgbẹ́ tí àwọn aláṣẹ fẹ́ràn nígbà náà ni BFC Dynamo, èyí tí Erich Mielke, olórí àwọn ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀, ń ṣe agbátẹrù rẹ̀, tó sì gba ife líìgì lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léraléra láti 1979 dé 1988. Union ní tiwọn gba ife ẹ̀yẹ kan péré, lọ́dún 1968. Ṣùgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ àti àwọn ọ̀dọ́ tí kò fẹ́ràn bí ìjọba ṣe ń ṣe ló máa ń kún pápá wọn.

Nígbà tí Ògiri Berlin wó, ìyà owó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹgbẹ́ náà. Lọ́dún 2004, ó kù díẹ̀ kí wọ́n pàdánù ìwé àṣẹ láti máa gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn alátìlẹ́yìn wọn lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ara wọn sílẹ̀ fún owó, wọ́n sì kó owó náà fún ẹgbẹ́. Mo fẹ́ kí ẹ ka gbólóhùn yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Lọ́dún 2008, nígbà tí pápá ìṣeré wọn, An der Alten Försterei, ti ń wó lé wọn lórí, tí kò sì sí owó tí wọ́n lè fún agbaṣẹ́ṣe, ó ju 2,000 alátìlẹ́yìn tó wá fọwọ́ ara wọn kọ́ ọ. Àwọn kan gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, àwọn kan wá lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́. Wọ́n da kọnkéré, wọ́n gbé irin, wọ́n ṣe iṣẹ́ náà fún nǹkan bí 140,000 wákàtí. Ní ìparí ọdún 2011, ẹgbẹ́ ta ìpín pápá náà fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní 500 yúrò ìpín kan, ó sì ju 4,000 ènìyàn tó rà. Ènìyàn 22,012 ni pápá náà gbà, àga tó wà níbẹ̀ sì jẹ́ 3,617 péré. Àwọn yòókù ń dúró ni, wọ́n ń kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ìtàn kan wà tí àwọn ará Màlété yóò fẹ́ràn. Nígbà ife àgbáyé ọdún 2014, Union ní kí àwọn alátìlẹ́yìn gbé àga ìrọ̀gbọ̀kú tó wà ní pálọ̀ wọn wá sórí koríko pápá, wọ́n gbé tẹlifíṣàn ńlá kọ́ síwájú wọn, gbogbo wọn sì jùmọ̀ wo bọ́ọ̀lù lórí àga ara wọn. Ilé ìwòran ni wọ́n ṣe, lórí ilẹ̀ tí àwọn fúnra wọn ní ìpín nínú rẹ̀.

Ẹgbẹ́ yìí gòkè sí Bundesliga fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn lọ́dún 2019, lẹ́yìn tí wọ́n gbá ọ̀mì lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú Stuttgart, góólù méjì tí wọ́n gbá wọlé ní ilé onílé ló sì gbà wọ́n là. Urs Fischer, ará Switzerland, ni kóòṣì wọn nígbà náà. Kò fẹ́ràn ariwo. Ó máa ń to adílémú mẹ́ta sẹ́yìn, ó máa ń fi méjì sí ìyẹ́ ọ̀tún àti òsì, ó máa ń kó àárín pọ̀, ó sì máa ń fi atamátàsé méjì síwájú tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n sáré wọ ẹ̀yìn àwọn adílémú alátakò ní kété tí wọ́n bá ti gba bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù lílù kiri fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kì í ṣe ti Union. Ẹni tó bá lágbára, tó lè sáré, tó lè fi ẹ̀yìn gbé adílémú dúró kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó dé, òun ni Fischer ń wá. Bí Awóníyì ṣe rí nìyẹn gẹ́lẹ́. Nínú sáà àkọ́kọ́ tí wọ́n yá a wá, góólù márùn-ún ló gbá wọlé ní líìgì kó tó farapa ní iṣan itan. Góólù márùn-ún kò pọ̀. Àmọ́ Union ti rí ohun tí wọ́n fẹ́ rí. Nígbà tí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yí padà lọ́dún 2021, tí Awóníyì sì wá rí ìwé àṣẹ iṣẹ́ gbà nígbẹ̀yìn, Liverpool gbà láti tà á, Union sì san nǹkan bí mílíọ̀nù 6.5 pọ́n-ùn lórí rẹ̀. Fún ẹgbẹ́ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ta ẹ̀jẹ̀ rí, owó gidi nìyẹn.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tó ti ń gbé nínú ilé àyálò, ó di onílé.

Ikọ̀ tó bá níbẹ̀ kún fún àwọn tí ẹgbẹ́ mìíràn ti rò pé iṣẹ́ wọn ti parí. Christopher Trimmel, ará Austria, ni balógun. Robin Knoche ló ń darí ẹ̀yìn. Rani Khedira àti Grischa Prömel wà ní àárín pẹ̀lú Genki Haraguchi láti Japan. Níwájú, Max Kruse tí ọgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ ju eré sísá rẹ̀ lọ, Kevin Behrens tó ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún kó tó gbá bọ́ọ̀lù Bundesliga àkọ́kọ́, àti Sheraldo Becker tí eré rẹ̀ dà bí ìjì. Anthony Ujah, ọmọ Nàìjíríà láti Benue, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfarapa ti dá a dúró fún ìgbà pípẹ́.

Lọ́jọ́ 14 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ìdíje líìgì àkọ́kọ́ sáà náà, Leverkusen wá sí Köpenick. Ìṣẹ́jú keje ni Awóníyì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Ọ̀mì ni wọ́n gbá, ọ̀kan sí ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọmọ Ìlọrin ti sọ fún wọn pé òun ti dé. Ó gbá ọ̀kan wọlé nígbà tí wọ́n na Mönchengladbach. Ó lọ sí Mainz, ilé tí orí ti fọ́ ọ lọ́dún tó ṣáájú, ó sì gbá méjì wọlé, Union jáwé olúborí. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kọkànlá, Hertha BSC wá, ẹgbẹ́ kejì ní Berlin, ẹgbẹ́ olówó ìlú náà. Awóníyì ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, Trimmel fi ìkejì kún un.

Ó yẹ kí n dúró díẹ̀ lórí Hertha. Oníṣòwò kan, Lars Windhorst, ti da mílíọ̀nù 374 yúrò sínú ẹgbẹ́ náà láti ọdún 2019. Nínú sáà yìí kan ṣoṣo, Union na Hertha lẹ́ẹ̀mẹ́ta: méjì sí òdo ní Köpenick, mẹ́ta sí méjì ní ilé Hertha nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ Jámánì ní oṣù Kìíní ọdún 2022, àti mẹ́rin sí ọ̀kan ní oṣù Kẹrin. Hertha parí sáà ní ipò 16, wọ́n sì ní láti gbá ìdíje àfikún kí wọ́n má baà já sí ìpele kejì. Mílíọ̀nù 374! Ẹni tó bá rò pé owó nìkan ló ń kọ́ ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, kó wo ìlú Berlin lọ́dún yẹn.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀nà ló dán. Ní ìdíje Conference League ti Yúróòpù, wọn kò kọjá ìpele ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, Feyenoord àti Slavia Prague ló gba iwájú wọn. Bayern nà wọ́n ní márùn-ún sí méjì nínú ilé wọn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, Awóníyì lọ sí ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Cameroon, ó gbá ọ̀kan wọlé nígbà tí Super Eagles na Sudan ní mẹ́ta sí ọ̀kan, kí Tunisia tó lé wọn wálé. Kó tó fìdí múlẹ̀ padà ní Berlin, Kruse ti lọ sí Wolfsburg, adílémú Marvin Friedrich náà ti lọ sí Mönchengladbach. Union wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú: Augsburg nà wọ́n, Dortmund nà wọ́n ní mẹ́ta sí òdo, Bielefeld tí yóò já nígbẹ̀yìn sáà nà wọ́n. Ní oṣù Kẹta, Bayern tún fi mẹ́rin lù wọ́n. Ìdíje méje ló kù, àmì 38 péré ni wọ́n ní.

Níbí ni a ti mọ ẹgbẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ibi, kóòṣì ni wọn ì bá kọ́kọ́ lé. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, a mọ̀ bó ṣe máa ń lọ: bí ẹgbẹ́ bá pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́ta léraléra, kọmíṣánnà yóò pe ìpàdé, wọn yóò ní kí kóòṣì lọ sinmi ná. Dirk Zingler, tó ti jẹ́ ààrẹ Union láti ọdún 2004, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Fischer dúró sí ipò rẹ̀, kò yí ọ̀nà ìgbábọ́ọ̀lù padà, àwọn òǹwòran kò sì súfèé sí ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ 1 oṣù Kẹrin, Köln wá, Awóníyì gbá góólù kan ṣoṣo tó wà nínú ìdíje náà wọlé. Wọ́n na Hertha. Wọ́n na Frankfurt ní méjì sí òdo, ọwọ́ Awóníyì tún wà níbẹ̀. Leipzig lé wọn jáde nínú ìdíje ife ẹ̀yẹ Jámánì ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, góólù ìṣẹ́jú àfikún ló pa wọ́n, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà wọ́n padà sí Leipzig kan náà nínú líìgì, wọ́n sì nà wọ́n ní méjì sí ọ̀kan. Wọ́n gbá ọ̀mì pẹ̀lú Fürth, wọ́n lọ na Freiburg ní mẹ́rin sí ọ̀kan nínú ilé rẹ̀.

Ó wá ku ìdíje tó kẹ́yìn, lọ́jọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, pẹ̀lú Bochum. Prömel gbá ọ̀kan wọlé kíá. Awóníyì fi pẹnáritì ṣe é ní méjì. Bochum kò gbà, wọ́n dá méjèèjì padà. Ọ̀mì ni gbogbo ènìyàn ti ń retí nígbà tí ìṣẹ́jú 88 pé, tí Awóníyì sì tún gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Mẹ́ta sí méjì. Ìdíje méje, wọ́n borí mẹ́fà, wọ́n gbá ọ̀mì kan. Àmì 57 ni wọ́n fi parí, ipò karùn-ún, àmì kan péré sẹ́yìn Leipzig tó wà ní ipò kẹrin. Union wọ Europa League. Nínú góólù 50 tí wọ́n gbá wọlé ní líìgì, ọmọ Ìlọrin ló gbá 15, àpapọ̀ tirẹ̀ nínú gbogbo ìdíje sáà náà sì jẹ́ 20.

Ohun tó tẹ̀ lé e kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nottingham Forest san nǹkan bí mílíọ̀nù 17 pọ́n-ùn lórí rẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ó sì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọn kò jẹ́ kó wọ̀ fún ọdún mẹ́fà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, góólù rẹ̀ kan ṣoṣo ló na Arsenal, tó sì mú kí Forest dúró sí Premier League. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ó kó sínú ewu nígbà tó kọlu òpó góólù nínú ìdíje pẹ̀lú Leicester, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì sí ikùn rẹ̀, Ọlọ́run sì dá a sí. Union náà tẹ̀ síwájú láìsí i, ipò kẹrin ni wọ́n ṣe ní sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì wọ Champions League.

Mo kọ gbogbo èyí nítorí Kwara. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti bí Awóníyì, tí Ràṣídì Yékínì, ẹni tó gbá góólù àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà nínú ife àgbáyé lọ́dún 1994, ti fi ìlú Ìrá ṣe orírun, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí kò ní ẹsẹ̀ bọ́ọ̀lù. Kwara United wà ní Ìlọrin. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, wọ́n borí Abakaliki FC nínú pẹnáritì ní Èkó, wọ́n sì gba ife ẹ̀yẹ President Federation Cup lábẹ́ kóòṣì Túndé Sánní. Ayọ̀ ńlá ni. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ náà ṣì jẹ́ ti ìjọba. Owó ìjọba ló ń gbé e dìde, ìfẹ́ inú ẹni tó bá wà ní ipò ló ń pinnu bí yóò ṣe lọ. Àwa tí a ń pè é ní ẹgbẹ́ wa kò ní ìpín kankan nínú rẹ̀, a kò sì ní ìwé ọmọ ẹgbẹ́ tàbí ohùn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ ìjọba Kwara: ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ yìí fún àwọn ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí ará Ìlọrin, ará Ọ̀fà, ará Òmù-Àrán àti akẹ́kọ̀ọ́ Màlété lè san owó kékeré lọ́dọọdún, kí wọ́n di ọmọ ẹgbẹ́ tó lè dìbò yan ìgbìmọ̀. Ẹ ta ìpín fún ẹni tó bá fẹ́ rà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń san owó ìwòran ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ láti wo Arsenal, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó náà. Lọ́jọ́ tí Kwara United bá gbá bọ́ọ̀lù nílé, ẹ wọ ọkọ̀ wá sí Ìlọrin, ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ sì dúró tì wọ́n títí fèrè ìparí yóò fi dún, yálà wọ́n borí tàbí wọ́n fìdí rẹmi.